Igi Gbíngbìn Nìkan Kò Lè Dá Igbó Wa Padà

Lọ́dọọdún, tójò bá ti ń rọ̀ dáadáa, àwọn aláṣẹ á gbin igi, wọ́n á ya fọ́tò. Tí ọyẹ́ bá dé, iná á wọ inú igbó, púpọ̀ nínú igi ọ̀hún á sì jóná. Ṣé àìgbìn igi ló ń pa igbó wa ni, àbí àìtọ́jú?

Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ní Olókeméjì, igbó ọba tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lọ́dún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ilẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ń dáná sun ọ̀kan níparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ táútáú. Wọ́n ń sun ìkejì níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò jẹ́ kí iná dé ìkẹta rárá.

Ọdún 1960 ni J.R. Charter àti R.W.J. Keay, tó ti ń ṣiṣẹ́ igbó ní Nàìjíríà láti 1942, gbé èsì ọdún 28 jáde. Níbi tí iná ò dé, àwọn igi tí kì í fara da iná ti hù, ibẹ̀ ti ń di igbó dídí. Níbi tí wọ́n ń sun níparí ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló gbalẹ̀.

Irú nǹkan yìí náà ni Tony Rinaudo, ọmọ Australia, rí ní Maradi, lórílẹ̀-èdè Niger. Èyí tó pọ̀ jù nínú igi tó gbìn ló kú. Lọ́dún 1983 ló ṣàkíyèsí pé àwọn kùkùté inú oko ṣì ń rú. Ó ní káwọn àgbẹ̀ gé ẹ̀ka tó pọ̀ jù, kí wọ́n dá èyí tó lágbára sí. Lónìí, ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà mílíọ̀nù 5 lọ ló ti nígi padà ní Niger. Ohun kan tó ràn án lọ́wọ́ ni pé wọ́n jẹ́ káwọn àgbẹ̀ máa jàǹfààní igi oko wọn. Tẹ́lẹ̀, ti ìjọba ni.

Òótọ́ ni pé ibi tí kò ti sí kùkùté tàbí irúgbìn mọ́, àfi ká gbìn ín. Ṣùgbọ́n tí kò bá sẹ́ni tó máa la ọ̀nà yí igbó ká kí iná má bàa wọlé, tí àgbẹ̀ ò sì rí èrè kankan nínú igi tó dá sí, òfo ni owó ọ̀hún. Ìjọba ọdún mẹ́rin ò lè rí èsì ọdún 28, àmọ́ ó lè sanwó oṣù àwọn tó ń ṣọ́ igbó.