Kí Ọgbà Tẹ̀lé Omi: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀fọ́ àti Adìẹ ní Ilẹ̀ Aṣálẹ̀

Àgbẹ̀ tí a bí sí ilẹ̀ òjò a máa rò pé ilẹ̀ ni ohun ìní tí ó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dára, ọkọ́ yóò dé ibẹ̀. Bí ọkọ́ bá dé ibẹ̀, irúgbìn yóò hù. Òjò kò sì ní ṣàìrọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà ní ayé tí ilẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè ro tán lọ, tí oòrùn kò sì wọ́n, síbẹ̀ tí ewé ẹ̀fọ́ kan kì yóò hù bí a kò bá kọ́kọ́ gbèrò ti omi. Irú ibẹ̀ ni aṣálẹ̀ Sonora, tí ó wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, tí ó sì nà wọ ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú Tucson, tí ń gbin ẹ̀fọ́ tí wọ́n sì ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé wọn nínú aṣálẹ̀ yìí, ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ti rí. Òjò tí ń rọ̀ ní Tucson láàárín ọdún kan jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 280. Ní Ìbàdàn, òjò ọdún kan a máa lé ní 1,200. Nǹkan bí ìdajì òjò kékeré yìí ni ó ń rọ̀ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú ìjì àti àrá. Ìyókù ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù. Oṣù Kẹrin, Ìkarùn-ún àti Ìkẹfà gbẹ gidigidi. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1990, ooru ìlú náà dé ìwọ̀n 47 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, a máa ń bá ìpele funfun kan pàdé tí ó le bí òkúta, tí gbòǹgbò kò lè gbà kọjá. Ní irú ilẹ̀ báyìí, ta ni yóò sọ pé òun fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ tútù àti ẹyin láti ẹ̀yìnkùlé ara òun?

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan wí pé ìwà àṣejù gbáà ni. Wọ́n ń tọ́ka sí odò Colorado, tí a ń fa omi rẹ̀ wá sí Tucson nínú ipadò tí ènìyàn gbẹ́, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 540. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà kéde fún ìgbà àkọ́kọ́ pé omi odò náà kò tó pín mọ́; nígbà tí ó di ọdún 2022, a gé nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìpín Arizona, àwọn àgbẹ̀ àárín ìpínlẹ̀ náà ni ó sì kọ́kọ́ dùn. Wọ́n ní bí oko àgbẹ̀ bá ń gbẹ, ojú wo ni ará ìlú yóò fi máa bomi rin ẹ̀fọ́ ìgbádùn? Àwọn ẹgbẹ́ kejì fèsì pé: owó omi ni a san, ohun tí ó bá wù wá ni a ó gbìn, ìgbà tí ó bá sì wù wá ni a ó gbìn ín.

Ní èrò tiwa, ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ṣìnà. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní gbàgbé pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ náà. Ó lé ní 3,000 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń la ipadò sí oko wọn ní àfonífojì Tucson, nítorí ìtàn oúnjẹ gígùn yìí sì wà lára ohun tí àjọ UNESCO fi dá ìlú náà lọ́lá ní ọdún 2015. Àwọn Tohono O'odham, tí orúkọ wọn túmọ̀ sí àwọn ènìyàn aṣálẹ̀, ń gbin àgbàdo, elégédé àti ẹ̀wà kékeré kan tí a ń pè ní tepary láìsí ẹ̀rọ afami kankan. Ibi tí àgbàrá òjò ti ń tú jáde láti orí òkè ni wọ́n ń ro, wọn a sì gbin irúgbìn sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn tí àgbàrá bá ti kọjá. Àgbàdo wọn kan a máa gbó ní nǹkan bí 60 ọjọ́, kí omi inú ilẹ̀ tó tán. Bí a bá sì fún tepary ní omi púpọ̀, ewé ni yóò máa yọ, kò ní so dáadáa. Kódà kàlẹ́ńdà wọn ń tẹ̀lé omi: ìgbà tí wọ́n bá ká èso igi ẹlẹ́gùn-ún gíga tí a ń pè ní saguaro, nígbà tí òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì ni àṣìṣe rẹ̀ burú jù, nítorí kò ka iye omi. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn kà á. Ọgbà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2, bí ẹ̀fọ́ bá bò ó dáadáa ní oṣù Kẹfà, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò fa nǹkan bí lítà 80 sí 100 kúrò nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù Kejìlá, ọgbà kan náà kì í gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iye yìí lọ, òjò òtútù sì lè bá a san díẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a máa béèrè bóyá ó tọ́ láti gbin ẹ̀fọ́ ní aṣálẹ̀. Ìgbà wo ni a gbìn ín, àti kí ni a gbìn, ni ó yẹ kí a béèrè. Ẹni tí ń fi ipá gbé tòmátì la oṣù Kẹfà já ń fi omi ṣòfò lásán, nítorí bí ooru òru bá ti pọ̀ jù, òdòdó tòmátì a máa rẹ̀ dànù láìso. Kí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Láti oṣù Kẹwàá, kí ó gbin kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ tí ó fẹ́ràn òtútù. Nígbà tí òjò oṣù Keje bá dé, kí ó gbin tepary, elégédé, ilá àti ẹ̀wà. Inú wa sì dùn láti sọ pé ẹ̀wà tiwa yìí, tí ilẹ̀ Áfíríkà bí, wà lára irúgbìn tí àwọn O'odham ti sọ di tiwọn, nítorí kò bẹ̀rù ooru.

Ọ̀nà tí a ń gbà kọ ilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú yàtọ̀ sí tiwa. Àwa a máa kọ ebè, a ó gbin nǹkan sí orí rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí omi àpọ̀jù sàn gba inú aporo lọ. Ní aṣálẹ̀, inú aporo gan-an ni ibi ìgbìn. Àwọn Zuni ti ìpínlẹ̀ New Mexico a máa mọ ògiri amọ̀ kékeré yí ojú ilẹ̀ ká ní ihò ihò, tí omi díẹ̀ tí a bá dà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fi ní ríbi sàn lọ. Lẹ́yìn èyí, a ó fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, a ó ta aṣọ ìbòji sókè ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, a ó sì bomi rin ín ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí omi wọ ilẹ̀ jinlẹ̀. Bíbu omi wọ́n ojú ilẹ̀ lójoojúmọ́ kò ṣàǹfààní, nítorí gbòǹgbò yóò máa wá omi sókè, oòrùn yóò sì sun ún.

Omi òrùlé kò ṣeé fi ṣeré. Mìlímítà 1 òjò lórí òrùlé tí ó jẹ́ mítà 1 níbùú lóròó jẹ́ lítà 1. Òrùlé tí ó jẹ́ mítà 10 níbùú lóròó ní Tucson yóò gba nǹkan bí lítà 28,000 lọ́dún, bí kò tilẹ̀ ṣeé gbà tán. Ẹni tí ó bá gba ìdajì rẹ̀ sínú ilẹ̀ àti sínú àgbá ti ní ọgbà tí kò jẹ odò Colorado ní gbèsè. Ṣùgbọ́n kí ó fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu àgbá náà, nítorí ẹ̀fọn tí ń gbé ibà dengue kiri wà ní Tucson pẹ̀lú, omi mímọ́ tí ó dúró sójú kan ni ó sì ń wá.

Ó ku ti adìẹ. Àwọn àgbà wa ní, adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Òwe náà tọ́ fún ẹni tí ń fi ìyà mọ́ra, ṣùgbọ́n adìẹ gan-an kì í làágùn rárá. Ooru ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 41. Nígbà tí ooru ìta bá ju èyí lọ, ẹnu rẹ̀ tí ó là tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ọ̀nà tí ó kù fún un láti tu ara rẹ̀ lára, omi inú rẹ̀ ni ó sì fi ń san owó rẹ̀. Adìẹ kì í ṣe ọmọ aṣálẹ̀. Igbó ilẹ̀ Éṣíà, níhà gúúsù ìlà-oòrùn, ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Ẹni tí ó bá mú un wá sí irú ibẹ̀ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ibòji àti omi. Kí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ igi, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ wáyà kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ gbà á kọjá. Kí àwo omi ju ẹyọ kan lọ, kí gbogbo wọn sì wà níbi tí oòrùn kò dé. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí a fún un ní oúnjẹ, nítorí oúnjẹ tí ń dà nínú máa ń fi ooru kún ara. Kí a yan irú tí ogbe orí rẹ̀ tóbi, bíi Leghorn funfun, tàbí irú èyí tí ọrùn rẹ̀ kò ní ìyẹ́, tí àwa ń pè ní abólọ́rùn. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ti rí i pé irú rẹ̀ ń fara da ooru ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kí a ri wáyà náà wọ ilẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àṣá, ejò àti ajá ìgbẹ́ tí a ń pè ní coyote kì í sùn.

Ǹjẹ́ adìẹ tó ohun tí a ń ná lé e? Omi tí ó ń mu kò pọ̀: àgbébọ̀ 4, nígbà ooru, lè mu nǹkan bí lítà 2 lójúmọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà ni omi tí ó wà nínú àpò oúnjẹ. Àwọn 4 yìí yóò jẹ nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù lójúmọ́, ilẹ̀ ibòmíràn ni ó sì lo omi láti mú ọkà náà jáde. Nítorí náà ni a ṣe sọ pé kí ìwọ̀nba adìẹ wà, bí èyí tí àjẹkù ilé ìdáná, koríko àti kòkòrò inú ọgbà lè ràn lọ́wọ́. Bí àgbébọ̀ bá dáwọ́ yíyé dúró nígbà ooru, kí a má bínú sí i. Ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má ṣe dà á tútù sórí ẹ̀fọ́. Ó gbóná, ó sì ní iyọ̀, ilẹ̀ aṣálẹ̀ kò sì ní òjò tí yóò fọ iyọ̀ kúrò. Kí ó kọ́kọ́ jẹrà pẹ̀lú ewé gbígbẹ. Òfin àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí kì í lo ajílẹ̀ oníkẹ́míkà ni pé ìgbẹ́ tí kò tíì jẹrà gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀ fún 120 ọjọ́ kí a tó ká ohun tí ó fara kan ilẹ̀.

Fún ìlera ilé: kí ọmọdé má fi ẹnu ko òròmọdìẹ, kí gbogbo ẹni tí ó bá fọwọ́ kan adìẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí a sì se ẹyin jinná, nítorí kòkòrò Salmonella lè wà lára adìẹ tí ara rẹ̀ le koko. Bí adìẹ púpọ̀ bá kú lójijì, ẹ má ṣe jẹ wọ́n. Ẹ sọ fún àwọn oníṣègùn ẹran, nítorí àrùn ẹyẹ H5N1 ti ń pa adìẹ ẹ̀yìnkùlé ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2022.

Ìdájọ́ wa ni èyí: ó tọ́ kí ará aṣálẹ̀ ní ọgbà àti adìẹ, bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó kọ́kọ́ kà kí ó tó ka irúgbìn. Kí ọgbà tẹ̀lé omi. Kí a má ṣe fi ipá mú omi tẹ̀lé ọgbà. Àwa tí òjò 1,200 ń ṣàn kúrò lórí òrùlé wa sí gọ́tà, tí a sì tún ń ru garawa kiri ní oṣù Kejì, kí a má ṣe rò pé àwọn ará ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.