Ajílẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Aṣaralóore: Lórí Omi Àpótí Iyùn Titun

Ó ti di àṣà láàrin àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí láti máa pe gbogbo ohun tí ẹ̀dá abẹ̀mí ń lò láti fi dàgbà ní 'èròjà aṣaralóore'. Nínú ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ jíjẹ, ọ̀rọ̀ yìí kò ní àléébù. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ń ṣe ara lóore lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e wọ inú omi, ó lè pa ohun ọ̀sìn. Àpótí gíláàsì tí a fi ń sin iyùn ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìpè ti í tètè hàn.

Ẹranko ni iyùn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a mọ̀ lọ́rùn àwọn ọba jẹ́ egungun irú kan nínú wọn, èyí tí í gbé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ nínú Òkun Mẹditaréníà. Irú tí í mọ òkìtì nínú òkun ilẹ̀ olóoru kò lè ṣe aláìní ìmọ́lẹ̀, nítorí pé ọbẹ̀dò tín-ín-tìn-tín ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, ó sì ń fi ìtànṣán oòrùn pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀tá iyùn ni ọbẹ̀dò kò tí ì sọ òótọ́ tán.

Omi àpótí titun a máa mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò tí ì gbó. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ ń di amóníà, tí í pa ẹja. Irú kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, èyí tí oró rẹ̀ le nínú omi odò ju inú omi òkun lọ; irú mìíràn sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. (Kí òǹtẹ̀wé má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì o, ẹja odò yóò kú sí i.) Sergei Winogradsky ni ó fi iṣẹ́ àwọn kòkòrò wọ̀nyí hàn ní nǹkan bí 1890. Ó sábà máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nígbà tí náítíréètì bá dé, tí ó sì bá fọ́síféètì inú oúnjẹ ẹja nílẹ̀, ọbẹ̀dò dé nìyẹn. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti erùpẹ̀, èyíinì ni dáyátọ̀mù, ni í sábà kọ́kọ́ bo iyanrìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aláwọ̀ ewé tí ó gùn bí irun.

Kí ni olùsìn yóò ṣe? Bí ó bá ti kà á pé aṣaralóore ni náítíréètì àti fọ́síféètì, kò ní bẹ̀rù ọ̀pọ̀ wọn. Bí ó bá sì ti gbọ́ pé ìdọ̀tí ni wọ́n, yóò máa fà wọ́n kúrò nínú omi títí wọn yóò fi di òdo. Lójú tèmi, àṣìṣe kejì yìí ni ó burú jù. Ebi yóò pa iyùn pẹ̀lú ọbẹ̀dò inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, dáínófilájélétì tí í yọ̀ bí ikun, tí òmíràn nínú wọn sì ní oró, yóò sì gba àyè tí ó ṣófo. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà a máa fi náítíréètì sí àárín mílígíráàmù 2 sí 10 nínú lítà omi kan, wọn a sì fi fọ́síféètì sí àárín 0.03 sí 0.1.

Àgbẹ̀ wa kò ní ìṣòro yìí. Náítírójínì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú àpò tí ó ń rà, ajílẹ̀ ni ó sì ń pè é. Ó mọ̀ pé bí kò bá sí i, ewé àgbàdo yóò pọ́n. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò jó ọ̀gbìn. Àti pé ajílẹ̀ kò mọ àgbàdo yàtọ̀ sí èpò. Kò sì sí àgbẹ̀ tí ó fọ́n ajílẹ̀ tí kò roko. Bí oko ṣe ń fẹ́ ọkọ́ ni àpótí iyùn ń fẹ́ ìgbín òkun àti ẹja tí í jẹ ọbẹ̀dò. Ẹ wo Jàmáíkà: ìjì líle ti 1980 ti ba òkìtì iyùn jẹ́, àpajù ẹja sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́, nígbà tí àrùn wá pa òòrẹ̀ òkun, tí í jẹ ọbẹ̀dò, run ní 1983 sí 1984, ọbẹ̀dò bo ibẹ̀, iyùn tí ó ti bo ju ìdajì ilẹ̀ òkìtì lọ sì já sí ohun tí kò tó ìdá 5 nínú 100. Àwọn aroko ni ó kú.

Ẹnìkan lè wí pé 'ilẹ̀' wà nínú 'ajílẹ̀', pé ohun tí ó jí ilẹ̀ kò ní ohun tí í ṣe nínú omi. Omi ṣá ni ọkọ̀ ti gòkè wá sórí ilẹ̀, tí ó sì tún fò lọ sí òfuurufú, orúkọ rẹ̀ kò sì yí padà. Bí ọkọ̀ bá lè gòkè, ajílẹ̀ lè wẹ odò.

Àbá mi nìyí: kí 'aṣaralóore' dúró nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ, kí 'ajílẹ̀ omi' jẹ́ orúkọ náítíréètì àti fọ́síféètì inú omi, kí 'ọ̀pọ̀jù ajílẹ̀' sì jẹ́ orúkọ ohun tí í sọ adágún di aláwọ̀ ọbẹ̀dò. Ní ti sílíkéètì, tí dáyátọ̀mù fi ń mọ ilé rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ kẹ́míkà láti sọ bóyá ó yẹ lábẹ́ orúkọ kan náà.