Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe

Bí ẹbí bá pé jọ láti gbèrò, tàbí tí ẹgbẹ́ ń dáwó, òwe yìí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àgbà. Iye èèyàn la sábà máa ń fi í tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo gúúsù ilẹ̀ Ṣílè, ó dá mi lójú pé òwe náà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹgbàágbèje igi tó jẹ́ irú kan náà, igi kan ṣì ni.

Igbó àtayébáyé wà níbẹ̀, tí òjò kì í dá lórí rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ òtútù. Ibẹ̀ ni igi alerce ń gbé. Ní 1993, àwọn onímọ̀ kéde pé ọ̀kan nínú wọn ti lo ọdún 3,622 láyé. Pákó rẹ̀ kì í tètè jẹrà, ìyẹn ló sì kó bá a: wọ́n gé e fi bo òrùlé títí òfin fi dáàbò bò ó ní 1976.

Ṣùgbọ́n òfin mìíràn ti ṣíwájú. Ní 1974, ìjọba ológun Pinochet ní Ṣílè ní ẹni tó bá gbin igi, ìjọba yóò san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó rẹ̀. Páìnì láti Kalifọ́níà àti yukalíptọ́ọ̀sì láti Ọsirélíà bo ilẹ̀. Níbòmíràn, igbó gidi ni wọ́n pa kí wọ́n tó gbìn wọ́n. Àwa náà mọ irú rẹ̀: gmẹ̀línà tí wọ́n gbìn sí igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí bébà.

Nínú igbó gidi ti Ṣílè, ẹ wo àfòmọ́ kan tí wọ́n ń pè ní quintral. Nígbà òtútù tí òdòdó wọ́n, ara rẹ̀ ni ẹyẹ bíńtín kan ti ń fa oje mu, ẹyẹ náà ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri kí ó lè so. Bí èso bá pọ́n, monito del monte, ẹranko tí kò ju èkúté lọ, tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, á jẹ ẹ́, á sì yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sórí ẹ̀ka igi mìíràn. Ibẹ̀ ni àfòmọ́ tuntun yóò ti hù. Ta ni ká yọ kúrò nínú wọn? Oko páìnì kò ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ kan ni gbogbo wọn, nígbà tó bá sì tó bí ogún ọdún, ẹ̀rọ á gé wọn lulẹ̀ pátá.

Àwọn Mapuche, onílẹ̀ ibẹ̀, ń ké pé oko igi wọ̀nyí ń mú kí odò àwọn gbẹ. Lẹ́ẹ̀rùn, tánkà ló ń gbé omi lọ sí àwọn abúlé kan. Ní oṣù kìíní 2017, iná ràn láàrin oko wọ̀nyí, ó sì jó ìlú Santa Olga run.

Nítorí náà, bí ìjọba kan bá ń yangàn pé òun gbin mílíọ̀nù igi, ẹ bá mi bi í: irú igi mélòó ni? Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọdún wo lẹ fẹ́ gé e?