ÒGIRI IBI TÍ ỌMỌ TI Ń JẸUN



Ọjà kan wà ní Enugu tí wọ́n ń pè ní Artisan Market. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọjà oníṣẹ́-ọwọ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ. Orúkọ náà ni ó gba àfiyèsí wa. Ìlú tí ó bá fi orúkọ oníṣẹ́-ọwọ́ pe ọjà ti fún wọn ní ipò. Ipò wo ni oníṣẹ́-ọwọ́ Yorùbá ní nínú ilé àwa tí a wà ní Òkè Ọya?

Ẹ wo pálọ̀ wa. Fọ́tò ìgbéyàwó wà níbẹ̀, kàlẹ́ńdà wà níbẹ̀, aago sì wà níbẹ̀. Ó dára, àlejò ni a ṣe wọ́n fún. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń jẹun, òfìfo ni ògiri rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ àwòrán èso òkè-òkun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò tọ́ wò rí. Èrò tiwa ni pé ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a gbé iṣẹ́ ọnà ilé wa kọ́ sí. Àlejò á wá, á sì lọ. Ọmọ ni ó ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, tí ojú rẹ̀ ń wo ògiri bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sínú àwo.

Kano, Jos àti Zaria ni a bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa sí. Èdè Hausa dá ṣáká lẹ́nu wọn, ilé baba wọn ni wọn kò mọ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé, "Bàbá, kí ni èyí?" ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a kò sì san owó ilé-ìwé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní láárí. Ní Zaria ni Yusuf Grillo ọmọ Èkó, Uche Okeke àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ti dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọnà sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n ní àwọn kò ní máa ya ti òyìnbó nìkan. Ní 1974, ogun abẹ́lé ti parí, Ben Enwonwu ọmọ Onitsha ya àwòrán Adétutù, ọmọ-ọba Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ Íbò ni ó ya ọmọ Yorùbá, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lára ògiri ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ojúlówó rẹ̀ wà nínú ilé kan ní London tí àwọn onílé kò mọ iye rẹ̀. Nígbà tí a tà á ní 2018, ó lé ní 1,200,000 pọ́n-ùn.

Ẹlòmíràn yóò ní owó kò sí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan ti tó. Àwọn arákùnrin wa Mùsùlùmí lè ní àwọn kò fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Wọ́n lè yan aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn, tàbí igbá fínfín Ọ̀yọ́, tàbí àdìrẹ tí kò ní ẹyẹ àti ẹja. Nínú àdìrẹ Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí a ṣí ní 1929, ni a tò, tí a fi ṣíbí sí àárín wọn. Kí ni ó tún yẹ ibi ìjẹun ju ṣíbí lọ?

Kí télọ̀ ká etí aṣọ náà, kí a ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Kí a gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, kí ó jìnnà sí èéfín àti oòrùn, nítorí oòrùn a máa pa aró. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ìlú rẹ̀ sí ìwé, kí a so ó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Oníṣòwò ni àwa, a mọ ọjà ná. Ṣùgbọ́n kí a má ná aláàdìrẹ títí èrè rẹ̀ yóò fi tán.

Ẹni tí ó bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, kí ó mú ẹyọ kan bọ̀. Àpò iṣu á tán kí oṣù tó parí. Èyí kò ní tán.

Ire o.