Ọ̀wẹ̀ ni, kì í ṣe sàárà

Nígbà tí ìdíje eré ìdárayá àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wáyé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn akàndá ẹ̀dá wà lára àwọn tó díje. Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ nílò àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn: ẹni tí yóò júwe ọ̀nà, ẹni tí yóò mú afọ́jú dé orí pápá, ẹni tí yóò fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún adití. Àwọn ọ̀dọ́ tó lè ṣe iṣẹ́ yìí kò wọ́n ní Òmù-Àrán, ìlú tí Yunifásítì Landmark ti wà láti ọdún 2011. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní sàárà. Àṣìṣe gbáà ni. Ní Paris lọ́dún 2024, Fọláṣadé Olúwafẹ́míayọ̀ gbé irin tó wúwo tó 167 kìlógíráàmù, ó sì gba wúrà. Kó tó dọjọ́ náà, kò sí obìnrin kankan ní ìsọ̀rí rẹ̀ tó gbé irú rẹ̀ rí. Ta ni yóò máa káàánú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé kò lágbára? Ohun tó sábà máa ń dí akàndá lọ́wọ́ ni àtẹ̀gùn tí wọ́n mọ sẹ́nu ilé láìro tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni pé kí ó bèèrè kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbá kẹ̀kẹ́ akàndá mú, tó ń tì í láìgbàṣẹ, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà ní ojúṣe tiwọn. Àwọn àgbà mọ òfin ọ̀wẹ̀: ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ kì í sanwó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn tó wá. Ní London lọ́dún 2012, nǹkan bí 70,000 ènìyàn ló yọ̀ǹda ara wọn fún ìdíje Òlíńpíìkì àti ti akàndá. Wọn kò gbowó, ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹ̀kọ́, aṣọ iṣẹ́ àti oúnjẹ, wọ́n sì wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láàrin ìlú lọ́jọ́ iṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ gidi nìyẹn. Ẹni tó bá kó ọmọ ọlọ́mọ sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́ láìfún wọn lómi, tó wá ń pè é ní ìfẹ́ ìlú, ìrẹ́jẹ ló ń ṣe.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òfin tó dáàbò bo akàndá, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù Kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí akàndá yóò máa gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Ọ̀dọ́ Òmù-Àrán tó bá fẹ́ sìn níbi ìdíje ńlá lè bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀: kí ó wò ó bóyá ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọlé, kí ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí adití. Ẹni tó ti ṣe é nílé ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe níwájú gbogbo ayé.