Ẹ Má Fi Àpò Kó Ológbò Lọ Sílé Titun

Àwọn àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ọ̀rọ̀ àwọn ológbò tó ń rìn kiri lẹ́yìn ilé ìdáná họ́sítẹ̀lì wa ló bí òwe yìí.

Ní sáà tó kọjá, àṣẹ dé pé kí wọ́n lọ. Àwọn kan nínú wa dì wọ́n sínú àpò ìrẹsì, wọ́n lọ dà wọ́n sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Àwa yòókù dúró, a ń rẹ́rìn-ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí méjì fi padà dé, ọ̀kan ń tiro. A rí òkú ẹ̀kẹta lójú títì. Ní báyìí, wọ́n tún ti ń wá àpò. Àwa ní rárá o!

A kò sọ pé kí ológbò máa bímọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí wọ́n ti wúlò wà. Bàbá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń dáko lẹ́yìn ìlú ní àká àgbàdo àti ẹ̀pà, eku sì ti fẹ́ sọ ọ́ di ilé baba wọn. Bàbá ní òun yóò gbà wọ́n. Ọ̀rọ̀ eku kì í sì í ṣe eré. Ní ìlú Lassa, ní Borno òde òní, ni ibà Lassa ti gba orúkọ ní 1969, eku tó ń wọ ilé àti àká ló sì ń gbé e kiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé alára ka ológbò sísìn mọ́ ohun tí a fi ń lé eku, pẹ̀lú ìmọ́tótó àti bíbo oúnjẹ.

Báwo wá ni a ó ṣe kó wọn? Ológbò tí kò mọ ọwọ́ ènìyàn, ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán mú un yóò rí èékánná. Kí a fi oúnjẹ sínú àgò onírin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé fúnra rẹ̀. Bó bá ti wọlé, kí a fi aṣọ bo àgò náà. Òkùnkùn a máa mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí a gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àti iṣẹ́ abẹ tí wọn kò fi ní bímọ mọ́. Kí a kó àwọn tó ti mọra pọ̀. Kí ẹyọ kan má dá lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á dé oko, wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Ológbò á forí lé ọ̀nà ilé rẹ̀ àtijọ́, mọ́tò á sì pa á. Kí a há wọn mọ́ yàrá ẹ̀gbẹ́ àká fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, níbi tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Kí wọ́n ní páálí tí wọn yóò sá sí, iyanrìn tí wọn yóò ṣu sí, omi, àti oúnjẹ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a ṣílẹ̀kùn, kí a má sì dá oúnjẹ dúró. Kí Bàbá má sì dẹ májèlé eku mọ́. Ológbò tó bá jẹ eku tó jẹ májèlé lè bá a lọ.

Àwọn kan ní àjẹ́ ni ológbò. Àjẹ́ wo ní í ṣa egungun ẹja jẹ lórí ààtàn? Ààtàn náà gan-an ló yẹ kí a bò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ológbò mìíràn yóò wá rọ́pò wọn.

Àwa tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa. Nígbà tí àwọn bàbá wa dé Sábóńgàrí, wọ́n rí ẹni gbà wọ́n sílé títí wọ́n fi mọ ọjà, mọ ọ̀nà, gbọ́ èdè. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni à bá wà?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, a ó béèrè owó dókítà àti owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá. Ẹni tí a bá ní kó máa lọ, ẹ jẹ́ kó rí ibi dé sí.