Àwọ̀ Kọ́ Ni Sányán, Líle Kọ́ Ni Soulslike

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì lè gbé e mì mọ́. Ní ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, nínú yàrá wa ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwa mẹ́rin jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: irú géèmù wo ni ó tọ́ kí a máa pè ní Soulslike? Àwọn mẹ́ta gbà pé géèmù tí ó bá ti le koko, tí ó ṣókùnkùn, tí abàmì ẹ̀dá sì pọ̀ nínú rẹ̀, Soulslike ni. Èmi nìkan ni mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọ ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn, kí ni ó mọ̀ nípa eré àwọn ará Jàpáànù? Ó dára. Ọmọ ahunṣọ ni mí lóòótọ́, ìdí òfì náà ni n ó sì ti dá wọn lóhùn.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo jókòó ti bàbá mi nídìí òfì nígbà tí ìyá kan gbé aṣọ wọlé. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo sányán mi, mo fẹ́ kí ẹ hun gèlè tí yóò bá a mu." Bàbá mi gba aṣọ náà, ó fi ìka méjì ra á, ó gbé e sí oòrùn, ó sì dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Àwọ̀ sányán ni ẹ rà, ẹ kò ra sányán." Ojú ìyá náà rẹ̀ wálẹ̀, nítorí owó ńlá ni ó ti san.

Lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́, aṣọ òfì tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bí iyanrìn inú odò, sányán ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ó ni iṣẹ́, ara kòkòrò ni sányán ti wá. Kòkòrò náà a hun ilé fún ara rẹ̀ lórí igi, àwọn ènìyàn a ká ilé náà, wọn a sè é, wọn a ran án di òwú, kí ó tó di ohun tí à ń gbé sórí òfì. Kòkòrò ni ó fún un ní àwọ̀. Òwú ẹ̀rọ tí a pa láró kí ó lè jọ ọ́ lè dára, ó sì lè tọ́jọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sányán. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Irú àṣìṣe yìí kan náà ni àwọn tí ń sọ géèmù lórúkọ ń ṣe. Fún àǹfààní ẹni tí kì í ta géèmù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹbí ńlá kan wà nínú eré wọ̀nyí tí ẹni tí ń ta á ń gbé ipò akọni kan wọ̀: ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń ju idà, bí ó sì ti ń ṣẹ́gun ni agbára akọni náà ń pọ̀ sí i. Inú ẹbí yìí ni ilé iṣẹ́ FromSoftware ti Jàpáànù gbé Demon's Souls sí ní 2009. Hidetaka Miyazaki ni ó darí iṣẹ́ náà, òun náà ni ó sì darí Dark Souls tí ó tẹ̀ lé e ní 2011. Láti ara orúkọ àwọn méjèèjì ni a ti fa orúkọ Soulslike yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé géèmù náà jọ wọ́n. Níbo ni ó ti jọ wọ́n? Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Èmi sọ pé òfin mẹ́ta ni. Èkínní, ohun tí akọni bá rí gbà lára àwọn tí ó pa ni ó fi ń ra agbára, ara rẹ̀ ni ó sì ń gbé e kiri, bí ọlọ́jà tí ó so gbogbo owó rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ. Èkejì, bí ó bá kú, ibi tí ó kú sí ni ẹrù náà yóò wà. Òun yóò jí ní ibi ìsinmi tí ó lò kẹ́yìn, yóò sì ní àǹfààní kan ṣoṣo láti padà lọ mú un. Bí ó bá tún kú lójú ọ̀nà, ẹrù àkọ́kọ́ ti ṣègbé. Ẹ̀kẹta, ìsinmi kì í ṣe ọ̀fẹ́: bí ó bá sinmi, ọgbẹ́ rẹ̀ a jinná, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá wẹ́wẹ́ tí ó ti pa a tún dìde.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ìṣubú ọmọdé ni ikú: a ṣubú, a dìde, a sáré síwájú. Òfin mẹ́ta yìí ni ó sọ ọ́ di ìṣubú àgbà. Ẹrù rẹ wà níbi tí o ti ṣubú, ọ̀nà náà ni o gbọ́dọ̀ tún gbà, àwọn tí ó pa ọ́ sì ti dúró dè ọ́. Tipátipá ni ìwọ yóò fi bi ara rẹ pé, kí ni ó gbé mi ṣubú? Inú èyí ni líle rẹ̀ ti wá, gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ sányán ti wá láti ara kòkòrò. Ẹni tí ó bá mú líle tí ó fi òfin sílẹ̀, òwú ẹ̀rọ ni ó pa láró.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ẹ wo Sekiro tí ó jáde ní 2019. Ilé iṣẹ́ kan náà ni, Miyazaki kan náà ni, ó sì le ju òmíràn lọ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá kú pátápátá níbẹ̀, ìdajì owó rẹ àti ìdajì ìmọ̀ tí o ń kó jọ ni ó sábà máa ń lọ, kò sì sí ohun kan nílẹ̀ tí o lè padà lọ mú. Mo fẹ́ràn Sekiro. Ọmọ ìyá wọn ni, ṣùgbọ́n irú wọn kọ́. Ẹ wá wo Salt and Sanctuary ti 2016. Àwòrán pẹlẹbẹ ni, bí èyí tí a yà sára ògiri, ojú rẹ̀ kò sì jọ ti Dark Souls rárá. Iyọ̀ ni akọni ń kó jọ nínú rẹ̀. Bí ọ̀tá bá pa á, ọ̀tá náà ni yóò gba iyọ̀ rẹ̀, àfi kí ó padà lọ bá a jà kí ó tó rí i gbà. Soulslike ni, kò sí àríyànjiyàn.

Wọn yóò ní, "Ṣebí nínú Diablo II, láti 2000, ni akọni ti ń padà lọ gba ẹrù lára òkú ara rẹ̀?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fọ́nrán òwú kan nìyẹn, fọ́nrán kan kì í sì í di aṣọ. Kò sí ibi ìsinmi tí ń jí ọ̀tá dìde níbẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a kọ àmì sílẹ̀ kí a máa kà á, bí àwọn kan ti pàdé ní Berlin ní 2008 láti ṣe fún irú géèmù mìíràn tí à ń pè ní Roguelike. Wọ́n kọ àmì ńlá, wọ́n kọ àmì kékeré, wọ́n sì ní èyí tí kò bá ní díẹ̀ nínú wọn ṣì lè jẹ́ ọmọ ilé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kíka àmì kọ́ ni mímọ nǹkan. Ní Ṣakí, lẹ́sẹ̀ Òkè Asabari, ọdẹ tí ń sun ìjálá a máa ki oríkì ìdílé. Eléégún tí ń pe iwì a máa ki oríkì kan náà, ẹni tí ń sun rárà náà a sì máa kì í. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú wọn ni a óò kà, ọ̀kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, ọmọ Òkè-Ògùn wo ni yóò gbọ́ ohùn ọdẹ láti òkèèrè tí yóò pè é ní iwì? Bí a ti ń gbé ohùn ni ó yà wọ́n. Kí géèmù tó dé ni àwọn baba wa ti mọ èyí.

Ẹ ó ní eré lásán ni, kí ni mo ń jà sí? Ohun méjì ni. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé fi oṣù mẹ́ta tọ́jú owó láti ra géèmù kan tí ẹni tí ó tà á fún un pè ní Soulslike. Ní ọjọ́ kejì ó rí i pé ìjà lásán ni, owó náà kò sì padà mọ́. Èkejì ni ó dùn mí jù. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí a jọ jiyàn ń kọ́ bí a ti ń ṣe géèmù, ó sì fẹ́ ṣe tiwa, nínú igbó bí irú èyí tí Fágúnwà kọ nípa rẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Ó fi ètò rẹ̀ hàn mí: òkùnkùn wà níbẹ̀, iwin wà níbẹ̀, ọ̀tá tí í fi ẹ̀ẹ̀kan lu ènìyàn pa wà níbẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Ẹ̀kú ni ó rán, kò sí eégún nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀ wọ igbó, ó padà wálé, ó tún wọ̀ ọ́, kí ọba tó rán an lọ sí Òkè Lángbòdó. Pípadà síbi tí ojú ti rí màbo ti wà nínú ìtàn wa tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kàn gbé e jù sílẹ̀, ó mú òkùnkùn. Bí ó bá fẹ́ òfin àwọn ará Jàpáànù, kí ó mọ ìdí rẹ̀ kí ó sì gbà á tán. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kí ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, bí àwọn Kiro'o Games ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù ti ṣe ní 2016 nígbà tí wọ́n gbé Aurion jáde: ogún àwọn baba ńlá ni wọ́n fi ṣe agbára akọni wọn, wọn kò sì pè é ní Soulslike.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo pe àwọn mẹ́ta náà níjà pé kí wọ́n dá mi lóhùn nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí. Ní ti ìyá tí ó wá sílé wa, bàbá mi hun gèlè náà fún un. Òwú ẹ̀rọ ni ó fi hun ún kí ó lè bá aṣọ rẹ̀ mu, owó òwú ẹ̀rọ ni ó sì gbà. Gèlè náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò pè é ní sányán.